Opó Ṣíṣe àti Ìtùnú Ọkàn ní Agbègbè Sekona

Mùsùlùmí pọ̀ ní Sekona àti ní Ẹdẹ lápapọ̀. Súrátù Bákárà, ẹsẹ 234, ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ opó: oṣù 4 àti ọjọ́ 10. Bí opó bá lóyún, ó di ìgbà tí ó bá bí. Kò gbọdọ̀ fẹ́ ọkọ mìíràn, kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó wò ó lóréfèé lè pè é ní ìyà, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ rí àyè tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kán an lójú láti gbàgbé.

Ẹ̀yìn tí ọjọ́ bá pé ni ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀. Àlejò a dín, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kò ní dín. Láyé àtijọ́, àbúrò ọkọ a máa ṣú opó. Àṣà náà ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àjọ àti èésú ni ọ̀pọ̀ opó ń fẹ̀yìn tì báyìí.