Kí ìyá àgbà lè ṣe Àmín pẹ̀lú wa

Ní Atokoligbé àti káàkiri Bantè, títí dé Savalou, ọ̀pọ̀ ìdílé ló jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n nínú ilé ńkọ́? Bàbá ti jí lọ sóko kajú, ìyá ti gbẹ́rù lọ sọ́jà. Ọmọ tó ti ilé ìwé dé á fi Faransé gbàdúrà, ìyá àgbà á kàn máa wò ó lẹ́nu. Ọlọ́run kan náà ni wọ́n ń sìn o, àmọ́ kálukú ló ń dá sìn ín.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú wa rántí ìdílé Samuel Ajayi Crowther. Ẹni tó ń ka Bíbélì Yorùbá mọ orúkọ bàbá náà dáadáa. Ti ilé rẹ̀ la kì í sábà sọ.

Ní 1821 ni ogun kó o ní Òṣogùn, òun, ìyá rẹ̀ Àfàlá àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n tà á títí tó fi dénú ọkọ̀ ẹrú, kí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ló ti di Kristẹni, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ Asano, tí wọ́n gba òun náà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ní 1845, tọkọtaya náà àti àwọn ọmọ wọn dé Àgbádárìgì. Ogun dí ọ̀nà Abẹ́òkúta, wọ́n sì dúró níbẹ̀ ju ọdún kan lọ.

Ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1846 ni ìyá àti ọmọ fojú kanra ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ẹ wo ẹkún ọjọ́ yẹn! Ìyá ṣì ń bọ òrìṣà nígbà náà. Ọjọ́ tí wọ́n pàdé kọ́ ni wọ́n rì í bọmi o, ó di ọjọ́ 5 oṣù kejì 1848. Bí ọdún kan ààbọ̀ ló fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè tirẹ̀. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ rẹ̀ fi ń bá a gbàdúrà ńkọ́? Hannah ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Samuẹli inú Bíbélì.

Dandeson ọmọ rẹ̀ di àlùfáà ní ọwọ́ bàbá rẹ̀ ní 1870. Abigail fẹ́ Thomas Babington Macaulay, àlùfáà tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Josiah ní tirẹ̀, òwò ló ṣe lójú odò Ọya. Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹ gbọ́ o: gbogbo ilé kọ́ ló gbọ́dọ̀ di pásítọ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ dìde sí bíṣọ́ọ̀bù arúgbó náà ní 1890, Dandeson dúró ti bàbá rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, àsìkò tó rọrùn jù ni alẹ́, tí oúnjẹ bá ti wọlé. Kí ọmọ ka ẹsẹ Bíbélì kan, kí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní èdè Itcha, kí ìyá àgbà dá orin. Ẹ jẹ́ kó bi ìbéèrè tó bá wù ú, kẹ́ ẹ má kánjú. Ẹni tó wá iṣẹ́ lọ sí Nàìjíríà náà lè bá wọn ṣe é lórí fóònù, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà.