Bí kọ̀ǹpútà ṣe lè máa ṣe ẹ̀dà fáìlì fúnra rẹ̀

Kí iná lọ lójijì nígbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ohun tuntun ní Òkèhò. Ohun tó ń dun èèyàn ni àwọn fáìlì tó máa ń bá a lọ: àkọsílẹ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ìwé ilẹ̀, ohùn àwọn àgbà tó ń sọ ìtàn bí ìlú ṣe kó kúrò ní Ahoro lọ́dún 1917. Àgbà tó bá ti kú kò ní padà wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀pọ̀ ló ń fọwọ́ ṣe ẹ̀dà, wọ́n sì máa ń gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń kọ script, ìyẹn àṣẹ kéékèèké tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé fúnra rẹ̀. Lórí Linux, rsync, tí Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé jáde lọ́dún 1996, ni ọ̀pọ̀ ń lò. Bó bá ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn, apá tó yí padà nìkan ló ń fi lọ. Pẹ̀lú owó dátà ìsinsìnyí, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

mountpoint -q /mnt/disk2 && rsync -a /home/iroyin/ /mnt/disk2/iroyin/

Apá àkọ́kọ́ ń wò ó bóyá disk kejì wà lẹ́nu iṣẹ́. Láìsí i, bí ẹnì kan bá ti yọ disk náà, inú kọ̀ǹpútà kan náà ni ẹ̀dà á máa kó sí, ẹ ò sì ní mọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún --delete pẹ̀lú: ohun tí ẹ bá ṣèèṣì pa níbí, á pa á lọ́hùn-ún.

Cron ló ń pe script lásìkò. «0 2 * * *» ni aago méjì òru lójoojúmọ́, àmọ́ bí kọ̀ǹpútà bá wà ní pípa, cron kò ní dúró dè é. Ẹ yan àsìkò tí jẹnẹrétọ̀ máa ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí, òmíràn lókèèrè. Iná lè jó ilé. Ní March 14, 2024 ẹ̀wẹ̀, wáyà abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní Nàìjíríà. Ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ wà lókè òkun nìkan ní láti dúró.

Lóṣooṣù, ẹ mú fáìlì kan látinú ẹ̀dà, kí ẹ ṣí i. Nígbà tí òṣìṣẹ́ GitLab ṣèèṣì pa dátà ilé iṣẹ́ náà rẹ́ ní January 31, 2017, ìgbà yẹn ni wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé kò ṣiṣẹ́.