Kí Àmì Má Bàa Sọnù Lójú Ọ̀nà

Nígbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ń kó àwọn àkọsílẹ̀ wa láti inú Word lọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, a rí i pé ọ̀rọ̀ "ọkọ rere," tí a fi ṣàpèjúwe ẹlẹgbẹ́ wa kan tí ó ti sùn nínú Olúwa, ti di àmì àjèjì. Ẹni tí ó tún un ṣe sì kọ "oko rere." Ó dun opó rẹ̀ púpọ̀.

Kí ni ó fà á? Àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ a máa gbé àwòrán ọ lé orí lẹ́tà mìíràn. Bí iṣẹ́ náà bá dé ibi tí fọ́ǹtì yẹn kò sí, lẹ́tà ìsàlẹ̀ a yọjú. Ṣùgbọ́n Unicode fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn.

Nítorí náà, Unicode ni kí a máa fi tẹ iṣẹ́ wa. Bí a bá kó o lọ tán, kí ẹni méjì kà á sókè, kí wọ́n fi wé ti àkọ́kọ́, kí a tó gbé e jáde.

Láti ìgbà ìpàdé CMS ní Èkó lọ́dún 1875 lórí àkọtọ́ Yorùbá ni àwọn bàbá wa ti ń ṣe làálàá lórí ogún yìí. Ìríjú rẹ̀ ni àwa jẹ́.