Àwọn Tó Ń Ṣe Mísà Lábẹ́ Ilé

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, Mísà aago mọ́kànlá tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Èmi àti Bàbá kan tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n wá kí àwọn ọmọ wọn, jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, à ń retí ọkọ̀ tó máa gbé wọn relé. Bí àwọn ará Mísà Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń jáde ni àwọn mìíràn ń wọlé fún Mísà aago kan, èyí tí wọ́n máa fi Sípáníìṣì ṣe: ìyá arúgbó kan tó fi aṣọ dúdú borí, ọkùnrin mẹ́ta tó gbé gìtá kọ́ èjìká, àwọn ọmọdébìnrin tó wọ funfun láti òkè délẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà, kò sì sẹ́ni tó kí ẹnì kejì. Wọn ò bá ara wọn jà. Wọ́n kàn ń yà fún ara wọn bí èrò ọjà ṣe ń yà fún alárù.

Bàbá wò wọ́n títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, nígbà tí Látìn wà, kò sí àlejò nínú ìjọ wa. Gbogbo wa la jọ ń gbọ́ ohun tí a ò gbọ́."

Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, àwọn ni wọ́n máa ń ran fadá lọ́wọ́ nídìí pẹpẹ, títí dòní ni wọ́n sì ń ka ìdáhùn Mísà ní Látìn láìwo ìwé. Mo gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sílé, kò jẹ́ kí n sùn. Mo ń bi ara mi pé, báwo ni àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì ṣe wọ ìjọ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ta ló sì kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún wọn?

Ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀ kò gùn: Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ ńlá lọ́wọ́ Mẹ́síkò ní 1848, ó sọ àwọn ará Puerto Rico di ọmọ onílùú ní 1917, ó sì kó òṣìṣẹ́ oko wọlé láti Mẹ́síkò láti 1942 sí 1964. Ibi tí ìjà wà ni ti ẹni tó kọ́kọ́ gba ẹnì kejì lálejò.

Bí ẹ bá bi ará St. Augustine ní Florida, yóò ní ìbéèrè yín ló dorí kodò. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1565 ni Pedro Menéndez de Avilés gúnlẹ̀ síbẹ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n sì ṣe Mísà létí omi. Ọdún 1607 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé Jamestown. Bí ẹ bá bi ará San Antonio, yóò mú yín lọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì San Fernando. Àwọn ará erékùṣù Canary tó dé ní 1731 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1738, nígbà tí ó ku ọgọ́rùn-ún ọdún àti díẹ̀ kí Texas tó di ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá lọ sọ fáwọn yẹn pé a fẹ́ gbà yín lálejò, wọ́n á bi í pé sínú ilé ta.

Àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì náà ní tiwọn. Wọ́n ní Los Angeles ni ilẹ̀kùn ti kọ́kọ́ ṣí, ní ojúlé 312 Azusa Street, ní 1906. William Seymour ló ń darí ìsìn níbẹ̀, ọkùnrin dúdú ará Louisiana tí àwọn òbí rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí. Funfun, dúdú àti ará Mẹ́síkò jọ kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n da ìyẹ̀fun igi sí. Tọkọtaya kan wà láàárín wọn, Abundio àti Rosa López. Lọ́dún náà gan-an, ìwé ìròyìn ìjọ náà, Apostolic Faith, tẹ ẹ̀rí wọn jáde ní Sípáníìṣì, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìyókù ìwé náà fi ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn dùn mọ́ mi púpọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí tọkọtaya yìí kọ́kọ́ lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó jẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n ìtàn Azusa ní ẹ̀gún nínú. Frank Bartleman, tó wà níbẹ̀, tó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1925, sọ pé ó dọ́jọ́ kan tí aṣáájú ìjọ kò jẹ́ kí àwọn tálákà ará Mẹ́síkò kan dìde jẹ́rìí mọ́, ó sì pa wọ́n lẹ́nu mọ́ tìkà-tìkà. Kò dárúkọ aṣáájú náà. Ibẹ̀ ni àwọn òpìtàn ti ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí dòní, àwọn kan ní Seymour ló ń bá wí, àwọn kan ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni yòówù kó jẹ́, ọ̀pọ̀ lára wọn kó jáde, wọ́n sì dá ìjọ tiwọn sílẹ̀ ní Sípáníìṣì.

New York wá ni ọ̀rọ̀ Bàbá ti kọsẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ òfuurufú ń kó àwọn ará Puerto Rico dé ibẹ̀ wìtìwìtì, Àgùdà sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tí àwọn ará Jámánì, Ítálì àti Pólándì tó ṣáájú wọn ṣe ni pé wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, wọ́n mú fadá wá láti ilé, wọ́n sì ń fi èdè wọn jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kádínà Francis Spellman, tó di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà New York ní 1939, kò fẹ́ irú rẹ̀ mọ́. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà máa ń yí sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sì fi ṣọ́ọ̀ṣì àwọn bàbá wọn sílẹ̀ lófìfo. Àwọn ará Puerto Rico kò sì mú fadá rìn. Ó ní kí wọ́n wọ páríìṣì tó ti wà nílẹ̀, kí gbogbo wọn jọ máa sìn. Ìpinnu yẹn dára lórí ìwé. Ká ní mo wà níbẹ̀, mi ò bá fọwọ́ sí i.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ páríìṣì, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wọn lóòótọ́, wọ́n sì nawọ́ sí àtẹ̀gùn tó lọ sísàlẹ̀. Lókè, níbi tí fèrèsé aláràbarà wà, tí dùùrù ńlá ń dún, àwọn ọmọ Ireland ń ṣe Mísà. Nísàlẹ̀, nínú yàrá abẹ́ ilé, láàárín páìpù omi gbígbóná, àwọn ará Puerto Rico ń ṣe tiwọn. Ana María Díaz-Stevens, tó jẹ́ ọmọ Puerto Rico fúnra rẹ̀, kọ ìtàn ìjọ abẹ́ ilé yìí sínú ìwé kan tó gbé jáde ní 1993.

Ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ rò ó dáadáa. Látìn ni fadá ń sọ lókè. Látìn ni fadá ń sọ nísàlẹ̀. Àdúrà kan náà ni, búrẹ́dì kan náà ni wọ́n ń gbé sókè. Ìwàásù àti ìkéde nìkan ló yàtọ̀. Bó bá jẹ́ pé èdè ló ń pín ìjọ níyà, kí ló gbé àwọn yẹn dé abẹ́ ilé?

Ó sì dùn mí ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí mo rántí ẹni tó jókòó sókè. Ìyàn tó mú ní Ireland láti 1845 ló lé àwọn baba ńlá wọn wá sí New York yìí kan náà, àwọn náà sì jìyà ẹ̀gàn níbẹ̀ kí wọ́n tó di onílé.

Àwọn kan ń gbèjà abẹ́ ilé. Wọ́n ní àwọn èèyàn náà rí ààyè fi gìtá kọrin, wọ́n gbé ère àwọn ẹni mímọ́ wọn kalẹ̀, àwọn ọmọ wọn ń sáré kiri láìsí ẹni tó ń dijú mọ́ wọn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ ibẹ̀ di ilé. Àmọ́ ẹni tó fún wọn ní abẹ́ ilé kò bi wọ́n bóyá òkè ni wọ́n fẹ́.

Ọ̀dọ́ fadá kan wà nígbà náà ní páríìṣì Incarnation, ní Washington Heights, Ivan Illich lorúkọ rẹ̀, ará Yúróòpù ni. Àwọn ará Ireland ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn ará Puerto Rico sì ń ṣí wọlé. Illich kọ́ èdè wọn, ó sì gba Puerto Rico lọ kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń gbé nílé. Ní 1956 ó wà lára àwọn tó ṣètò ọdún ẹni mímọ́ San Juan ní Yunifásítì Fordham, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún èèyàn sì tú jáde sí gbangba, lábẹ́ oòrùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Spellman ń rán àwọn fadá tuntun lọ sí Puerto Rico láti kọ́ Sípáníìṣì. Ẹ kíyè sí i: fadá ni wọ́n rán lọ kọ́ èdè. Wọn kò ní kí ìyá arúgbó lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Látìn kúrò nílé nígbà tó yá. Ìpàdé ńlá Vatican fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1963 pé a lè fi èdè ìbílẹ̀ ṣe ìsìn, nígbà tó sì di ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá 1964, Gẹ̀ẹ́sì wọ inú Mísà ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ yẹn ni aṣọ tó bo ọ̀rọ̀ náà ya. Èdè tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni lọ, èdè apá kan ìjọ ló jókòó sáyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Ọlọ́run bá ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nídìí pẹpẹ, ta ló lè sọ pé kò gbọ́ Sípáníìṣì? Láti ìgbà náà ni Mísà Sípáníìṣì ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ lókè, díẹ̀díẹ̀.

Ní Texas, ẹni tí wọn ò lè gbàgbé ni Patricio Flores. Àwọn òbí rẹ̀ ń bá àwọn olóko ṣiṣẹ́ káàkiri. Ó di fadá ní 1956, wọ́n sì ń sọ ọ́ pé ọ̀gá rẹ̀ ní páríìṣì kan kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ sọ Sípáníìṣì, kódà fún ẹni tí kò gbọ́ èdè mìíràn. Ọkùnrin yìí ló di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 1970, ọmọ ìran Mẹ́síkò àkọ́kọ́ tó dé ipò náà ní Amẹ́ríkà, tó sì tún di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà San Antonio ní 1979. Ní 1972, Virgilio Elizondo dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ nílùú náà, níbi tí àwọn fadá àti sísítà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ́ Sípáníìṣì àti ìṣe àwọn tó ń sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n pè lálejò ló wá ń kọ́ onílé bí a ṣe ń gbàlejò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 1844, ní Freetown, Àjàyí Crowther dìde láàárín àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà kúrò lóko ẹrú, tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì sin Ọlọ́run, ó sì fi Yorùbá wàásù fún wọn. Orúkọ Àgùdà tí à ń pe Kátólíìkì pàápàá, lára àwọn tó ti oko ẹrú ní Brazil dé la ti gbà á, àwọn tó fi Pọtogí gbàdúrà l'Ékòó kí fadá kan tó fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ti Kúbà dé wà láàárín wọn, bí ìdílé Campos, Sípáníìṣì lẹ́nu wọn.

Mo padà lọ bá Bàbá, mo sọ ti abẹ́ ilé fún wọn. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ta ló wà lókè?" Mo ní àwọn ará Ireland ni. Wọ́n mi orí. "Ará Ireland ló kọ́ mi ní Látìn l'Ábẹ́òkúta. Èèyàn dáadáa ni."

Ọ̀rọ̀ ti òde òní ló kù fún mi láti sọ. Ilé ìwádìí Pew sọ pé ní 2010, 67 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà ní Amẹ́ríkà tí ìran wọn wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Sípáníìṣì ló jẹ́ Àgùdà. Ní 2022, ó ti di 43. Ó jọ pé ìbẹ̀rù èyí ti wọ ìjọ gbogbo lára, torí ẹ̀rọ ni wọ́n ń kó wọlé báyìí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì kan tí mo wọ̀, wọ́n fún àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì ní ohun tí wọ́n ń tì bọ etí, fóònù ló ń ṣe ògbufọ̀. Ìwàásù wọlé sí wọn létí lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí orin dé, wọ́n dúró láìlanu. Nígbà tí ó tó àkókò láti bọ ara ẹni lọ́wọ́, obìnrin kan ń wá ibi tí yóò ti yọ wáyà létí kó tó rí ọwọ́ nà. Mi ò kórìíra ẹ̀rọ. Mo kàn mọ̀ pé àwọn fadá tí wọ́n rán lọ sí Puerto Rico kò ti ohunkóhun bọ ẹnikẹ́ni létí. Ẹnu tiwọn ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n ṣì í sọ, àwọn èèyàn sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bàbá kò bá àwọn ọmọ wọn lọ sí Mísà aago mọ́kànlá. Mísà Sípáníìṣì aago kan ọ̀sán ni wọ́n lọ. Wọ́n jókòó lẹ́yìn ìyá tó fi aṣọ dúdú borí, wọn ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní kò yàtọ̀ sí ti ìgbà Látìn, àfi pé ìyá náà yíjú padà, ó di ọwọ́ wọn mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa ní Houston, Dallas àti San Antonio, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ni ọdún Màríà ti Guadalupe. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn aládùúgbò yín tó ń sọ Sípáníìṣì ti máa ń wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń kọrin fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí lọ bá wọn.