Tíkẹ́ẹ̀tì Alẹ́ Ọdún ní Páàkì: Ṣé Oúnjẹ Wà Nínú Rẹ̀? Òótọ́ àbí Irọ́?

Bí Kérésìmesì tàbí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ibì kan náà ni àwọn ọmọ Ìbàdàn máa ń dárúkọ láti Mọ́níyà títí dé Àkànràn: páàkì. Bí kò bá jẹ́ Ọgbà Agodi, a jẹ́ pé Trans Amusement Park ní Bódìjà ni. Ọdún 1967 ni wọ́n dá Agodi sílẹ̀. Omíyalé Ògùnpa bà á jẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, ìjọba Gómìnà Ajímọ̀bi ló sì wá tún un ṣe. Ní ti Trans, òkìkí rẹ̀ kàn débi pé òǹkọ̀wé Noo Saro-Wiwa fi orúkọ rẹ̀ sọ ìwé ìrìnàjò rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2012.

Nígbà tí olórin tàbí aláwàdà bá ń bọ̀ lálẹ́ ọdún, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà máa ń yàtọ̀ sí ti ojoojúmọ́. Eré kì í sábà dá ìjà sílẹ̀ lálẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ikùn ló ń dá a sílẹ̀, pàápàá láàárín àwa tí a ti oko wọ ìlú. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn èèyàn ń sọ.

“Ẹni tó bá ti san owó wọlé ti san owó oúnjẹ.”

Irọ́. Àṣà ìnáwó ló ń tàn wá jẹ. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti ríbi jókòó sí lábẹ́ kánópì, abọ́ ń bọ̀ wá bá a níbẹ̀, ì báà má mọ orúkọ ọlọ́jọ́ ìbí. Ṣùgbọ́n páàkì kì í ṣe ìsọmọlórúkọ. Owó ẹnu géètì ni yóò mú yín wọlé. Owó ẹ̀rọ ìṣeré lè wà lọ́tọ̀, ti àga iwájú lọ́tọ̀, ti oúnjẹ lọ́tọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lókè òkun. Láti ọdún 1995 ni Magic Kingdom ti Disney ní Florida ti ń ṣe alẹ́ Halloween tó ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Súìtì wà nínú owó náà, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ jẹun alẹ́ yóò tún tọwọ́ bàpò. Ní alẹ́ Kérésìmesì wọn, bisikíìtì àti kòkó gbígbóná ló máa ń bá tíkẹ́ẹ̀tì wá, ìyẹn kòkó kan náà tí àwọn baba wa ń kórè ní Ọ̀nà-Àrà. Ohun tó yàtọ̀ díẹ̀ nílé wa ni tébù iwájú tí àwọn ẹgbẹ́ máa ń dáwó rà. Ọtí àti ìpápánu lè bá ìyẹn wá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀.

“Òfin ìjọba ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ wọ páàkì.”

Irọ́. Ẹni tó ni ọgbà tàbí ẹni tó gbà á lálẹ́ ọjọ́ náà ló ń ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, ó sì lè yí padà láti ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì. Disney gan-an ń jẹ́ kí àlejò gbé oúnjẹ wọlé, ìgò àti ọtí líle ni kò gbà. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára pátákó ìpolówó kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná.

“Iye tó bá wu olóúnjẹ ló lè gbà lọ́wọ́ wa, torí pé alẹ́ ọdún ni.”

Apá kan òótọ́, apá kan irọ́. Ó lè fi owó lé ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tó jẹ́ ti ọdún 2018, ní kí ó fi iye owó náà hàn kedere, kò sì gbọdọ̀ gbà ju iye tó fi hàn lọ. Torí náà, ẹ wo pátákó kí ẹ tó tẹ́ abọ́. Bí kò bá sí pátákó, ẹ bi í léèrè iye rẹ̀ kí ó tó ti síbí bọ ìrẹsì.

“Ìrẹsì tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú kúlà ò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan.”

Irọ́ ni, òun ló sì léwu jù nínú gbogbo wọn.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ìyá kan ní Lálúpọ̀n ti se jọ́lọ́ọ̀fù kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó dà á sí kúlà, ó fi náílọ́ọ̀nù bò ó kí ooru má baà jáde, ó sì dé e pa. Kúlà wọ inú bútù Máíkírà, ó bá wọn jókòó nínú gosiló ní Ìwó Road. Olórin tí wọ́n ní yóò dé ní aago méje kò yọjú títí aago mẹ́wàá fi lù. Ìgbà tí ebi wá dé, wọ́n ṣí kúlà. Ó ń ta sánsán, inú gbogbo wọn dùn.

Kúlà kì í dá oúnjẹ gbóná. Kó má tètè tutù ni iṣẹ́ rẹ̀. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus máa ń wà nínú ilẹ̀, ó sì máa ń bá ìrẹsì wọlé láti oko. Bí a bá se ìrẹsì, èso kòkòrò náà tó le koránkorán kì í kú sínú omi híhó. Bí oúnjẹ bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ báyìí, ó ti bá ààyè pàdé nìyẹn: á hù, á máa bí sí i, á sì máa tu májèlé sínú oúnjẹ. Ìrẹsì náà lè má kan, ó lè má rùn. Ẹ lè gbé e kaná padà kó hó yàà, májèlé náà ò ní kúrò. Láàárín wákàtí 1 sí 6, èébì ti dé, ó sì lè ká yín mọ́ inú ọkọ̀ tó ń gbé yín relé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ sísè má ṣe wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí 2 lọ. Èyí tí a bá fẹ́ jẹ nígbà tó bá yá gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 60 Sẹ́síọ́ọ̀sì lọ, ìyẹn ni pé kí iná wà nídìí rẹ̀. Ìlànà yìí kan olóúnjẹ inú páàkì tó sè láti ilé wá náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé nǹkan dání, ẹ̀pà yíyan, kókóró, àádùn, búrẹ́dì àti ọsàn wà ńlẹ̀.

“Ata súyà yóò pa kòkòrò tó bá wà lára ẹran.”

Irọ́. Iná ló ń pa kòkòrò. Ata tó ń jó ahọ́n yín, ẹ̀yin ló ń jó. Ẹran ò jìnnà sí wa: ọjà màlúù wà ní Akínyẹlé, ilé ìpẹran ńlá ti Ìbàdàn sì wà ní Amósùn níbẹ̀ náà. Ọwọ́ ọlọ́súyà ló yẹ kí ẹ máa wò. Bí èrò bá pọ̀, ó lè ti yan ẹran dé ìdajì láti ọ̀sán, kó kàn fi han iná lẹ́ẹ̀kan sí i lálẹ́. Ọ̀bẹ tó fi gé tútù ló tún fi ń gé èyí tó jinná, lórí pákó kan náà, kó tó wọ́n yájì lé e. Ẹ ní kó dá a padà sórí iná níṣojú yín títí ọ̀rá rẹ̀ yóò fi máa ta. Ní ti kábéèjì tútù tí wọ́n ń gé sí i, èmi kì í jẹ ẹ́.

“Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó kò gbọdọ̀ gun ẹ̀rọ tó ń yí.”

Òótọ́ lèyí. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ wálẹ̀ díẹ̀ ná.

“Eré ló ń pe èrò sí páàkì, oúnjẹ ò já mọ́ nǹkan kan.”

Irọ́ ni. Àgbẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà ni Walter Knott àti Cordelia ìyàwó rẹ̀ ní Buena Park, ní California. Èso oko ni wọ́n ń tà. Lọ́dún 1934, Cordelia din adìẹ fún èèyàn 8, ó fi àwo ìgbéyàwó rẹ̀ bù ú fún wọn, ó sì gba sẹ́ńtì 65 lórí abọ́ kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí èrò fi ń tò de adìẹ náà. Ní 1940, ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìlú àtijọ́ kan síbẹ̀ kí àwọn tó ń dúró lè rí nǹkan wò. Bí páàkì Knott's Berry Farm ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdún 1973 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ alẹ́ Halloween tiwọn, wọ́n sì ń ta adìẹ díndín níbẹ̀ títí dòní.

Àwọn tó ń sin adìẹ kún Lágelú àti Ẹgbẹ́dá. Ẹ̀yin tó ń ṣètò alẹ́ ọdún, ẹ pè wọ́n. Ẹ fún wọn láyè kí wọ́n dáná níbẹ̀, kí wọ́n din ín níṣojú oníbàárà, kí ẹ sì kọ iye owó rẹ̀ gàdàgbà síbi tí gbogbo èèyàn yóò ti rí i.