Ìgbẹ́kẹ̀lé Tó Bàjẹ́, Àrùn Tó Tàn Kálẹ̀

Ní ọdún 1996, àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ènìyàn ní Kánò, ní àríwá Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ òògùn kan wá láti Amẹ́ríkà, ó sì dán òògùn tuntun wò lára àwọn ọmọdé tó ń ṣàìsàn. Lẹ́yìn náà, àwọn òbí wọn sọ pé ẹnikẹ́ni kò là á yé àwọn pé ìdánwò ni. Ọ̀ràn náà dé ilé ẹjọ́.

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ní ọdún 2003, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń kán òògùn àjẹsára sí àwọn ọmọdé lẹ́nu, kí àrùn pólíò má baà rọ wọ́n lápá lẹ́sẹ̀. Ni àhesọ bá gbilẹ̀ pé òògùn náà ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Kì í ṣe àwọn tí kò kàwé nìkan ló gbà á gbọ́. Dókítà wà lára àwọn tó ń sọ ọ́. Ìjọba Kánò dá iṣẹ́ náà dúró títí di ọdún 2004.

Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí, ṣùgbọ́n àhesọ náà kì í ṣe òótọ́. Kòkòrò àrùn kì í sì í dúró de ẹni tó ń ṣiyèméjì. Pólíò kọjá ẹnu ibodè, ó dé Benin, ó dé Togo, ó dé ilẹ̀ mìíràn.

Èébú kọ́ ló tún ọ̀ràn náà ṣe. Wọ́n gbé òògùn náà lọ fún àyẹ̀wò ní òkèèrè, àwọn aṣáájú ẹ̀sìn Mùsùlùmí sì bá wọn lọ. Kánò wá gba òògùn tí wọ́n ṣe ní Indonesia, ilẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé pólíò àtilẹ̀wá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà.

Onímọ̀ tó bá fi òtítọ́ pa mọ́ lónìí, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò san gbèsè rẹ̀ lọ́la. Ẹni tó sì gbọ́ àhesọ ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe. Ìbẹ̀rù ní í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ọkàn. Ó ṣòro láti ní kí ó dákẹ́ ná, kí a bèèrè pé: Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Kí ló rí? Ǹjẹ́ ẹlòmíràn tún un yẹ̀ wò? Ẹni tó bèèrè báyìí kò ya aláìgbọràn. Ọmọ rẹ̀ ló ń dáàbò bò.