Ìwé Òkun fún Ìgbà Ọyẹ́

Ẹ̀yin òbí, ọyẹ́ ti dé, ìwé kíkà sì bá alẹ́ ọyẹ́ mu. Kétu jìnnà sí òkun, síbẹ̀ òkun gba ọmọ lọ́wọ́ wa: orúkọ Kétu ṣì ń bẹ ní Bahia, ní Brazil, títí dòní.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ ìwé Jules Verne, níbi tí Ọ̀gágun Nemo ti ń wa ọkọ̀ lábẹ́ omi. Ó dùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ti ẹni tí a dè sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀?

Baquaqua, ọmọ Djougou, tí a tà sí Brazil, sọ tirẹ̀ nínú ìwé tó jáde ní 1854. Kossola, ọmọ Yorùbá, náà sọ tirẹ̀. Ogun Dàhọ̀mì kó o. Ọkọ̀ Clotilda gbé e láti Ouidah lọ sí Alabama ní 1860. Zora Neale Hurston kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Kossola kú ní 1935. Ó di 2018 kí ìwé náà, *Barracoon*, tó jáde. Ó ti wà ní èdè Faransé.

Ẹ kà á sókè lálẹ́, kí ẹ máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà. Ó lè rán wọn létí orúkọ ẹni tó lọ tí kò padà.